Ẹ̀wà Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

"Ẹ bá mi fa igi pupa sí i," Sísítà wí, ó sì ti òkìtì ìwé ìdáhùn ìdánwò síwájú Ìyá Rúlà. "Gbogbo méjìdínlógójì. Ìbéèrè keje nìkan ni."

Ìyá Rúlà kò fọwọ́ kan ìwé náà. Orúkọ tí àwọn ọmọ iléèwé sọ ọ́ nìyẹn, nítorí pé kò sí ìlà tí yóò fà lójú bọ́ọ̀dù tí kò ní í fi rúlà fà, kódà kó jẹ́ ìlà abẹ́ àkọlé lásán. Ó mọ̀ pé wọ́n ń pe òun bẹ́ẹ̀. Kò bínú sí i. Ìlà tó bá wọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn máa fà á, ṣọ́ọ̀kì ló sì ń bá a lọ.

"Mo ti máàkì wọn, Sísítà."

"Ẹ ti máàkì wọn lódì. Ẹ wo ìwé atọ́nà." Sísítà gbé ìwé pélébé kan sókè, ó kà á bí ẹni ń ka ìwé òfin. "Irúgbìn ẹ̀wà lè hù nínú òkùnkùn. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Sọ ìdí rẹ. Ìdáhùn: bẹ́ẹ̀ kọ́. Máàkì márùn-ún. Nínú gbogbo ọmọ yín, kò sí ẹyọ kan tó kọ bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Kò sí lóòótọ́."

"Ẹ sì fún gbogbo wọn ní márùn-ún márùn-ún."

"Àwọn méjì gba mẹ́rin. Wọn ò fi àmì ìdánudúró sópin gbólóhùn."

Sísítà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ọ̀gá iléèwé ni, kò sì tíì pé ogójì ọdún. Ìyá Rúlà ti lé ní àádọ́ta. Ẹ̀yin ni àwọn méjèèjì máa ń pe ara wọn. Àgbélébùú onígi kan wà lára ògiri lókè orí Sísítà, ife ẹ̀yẹ mẹ́ta sì wà lórí pẹpẹ nísàlẹ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ti kíláàsì kẹrin, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Gbogbo iléèwé Kátólíìkì tó wà lágbègbè náà ló ń ṣe ìdánwò kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ló ń kọ ìbéèrè, àwọn ló sì ń fi ìwé atọ́nà ránṣẹ́. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á máàkì ti kíláàsì rẹ̀, wọ́n á dì í, dírẹ́bà ọ́fíìsì á wá kó o, àwọn ọ̀gá tó wà lọ́hùn-ún á sì tún un yẹ̀ wò. Aago kan ọ̀sán ni dírẹ́bà ń bọ̀ lónìí.

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́," Sísítà wí. "Ẹ rántí iléèwé tí tísà wọn máàkì bó ṣe wù ú lọ́dún tó kọjá. Gbogbo kíláàsì náà ni wọ́n fagi lé. Òdo. Ṣé òdo lẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbà?"

"Mi ò fẹ́ òdo."

"Ẹ fà á nígbà náà. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni."

"Tí mo bá fà á tán, kí ni kí n sọ fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé wọ́n ṣàṣìṣe."

Ìyá Rúlà kó òkìtì ìwé náà mọ́ àyà, ó dìde. "Mo gbọ́ yín. Màá ti padà dé kí dírẹ́bà tó dé." Ó rí i pé ojú Sísítà rọ̀ díẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun kò tíì ṣèlérí ohunkóhun.

Tí a bá fẹ́ wá ẹni tó jẹ̀bi, òun gan-an ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Lọ́dọọdún, tí wọ́n bá ti dé ojú ewé tó sọ bí irúgbìn ṣe ń hù, ìwé á ní kí olùkọ́ gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì, kó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, kó ti ìkejì mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, kí àwọn ọmọ lè fojú ara wọn rí i pé ti inú kọ́bọ́ọ̀dù kò hù. Lọ́dọọdún, Ìyá Rúlà kì í gbin nǹkan kan. Kí lèèyàn fẹ́ fi ẹ̀wà gidi ṣe nínú agolo, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé kò ní í hù? Ó máa ń ya agolo méjì sójú bọ́ọ̀dù, á ya ewé sórí ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo. Àwọn ọmọ á dà á kọ. Ó parí.

Bí òun náà ṣe kàwé nìyẹn. Inú lẹ́tà ló ti gba ẹ̀kọ́ tísà. Àwọn tó ń kọ́ ọ wà níbi tí kò dé rí. Wọ́n á fi ìwé ránṣẹ́ sí i, á kà á lórí tábìlì ìdáná nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti lọ síléèwé, á dáhùn ìbéèrè, á lẹ̀ ẹ́ pa, á fi ránṣẹ́ padà. Kò sí ẹnì kan nítòsí tó lè bi pé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́? Ohun tí ìwé bá ti sọ, abẹ́ gé e. Ìwé kò já a kulẹ̀ rí, ó kéré tán kò mọ ìgbà tó já a kulẹ̀.

Lọ́dún yìí ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Rédíò wá di ẹ̀wà wá láti ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wọ́n ń pè é ní Rédíò nítorí pé kò tíì sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti ń pa á. "Màmá mi ní ó wà nínú ìwé pé ká gbìn ín, mà," ó wí, ó sì da ẹ̀wà sórí tábìlì tísà. Ẹ̀wà ti délẹ̀. Bí wọn ò bá gbìn ín, eku ni yóò jẹ ẹ́. Wọ́n gbìn ín.

Lọ́jọ́ karùn-ún, lásìkò ìsinmi, Rédíò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Tísà, ti inú òkùnkùn ti hù o. Ó tiẹ̀ ga ju ti ojú fèrèsé lọ."

Ìyá Rúlà lọ wò ó. Ẹ̀wà náà ti hù. Igi rẹ̀ funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aṣọ, ewé orí rẹ̀ sì kéré, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti ìyẹ́ òròmọdìẹ. Kò jọ ohun tó ní ìlera, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ mìíràn tí èèyàn lè pè é ju pé ó hù.

"Ta ló pààrọ̀ agolo yìí?"

Ó yíjú sí Rédíò.

"Ìwọ lo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù."

"Èmi ni mo ṣí i, mà. Ṣùgbọ́n mi ò pààrọ̀ ẹ̀."

"Ìwé sọ pé kò lè hù níbẹ̀."

"Bóyá ìwé ò tíì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni, mà."

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rúlà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rédíò kọjú sógiri títí agogo fi máa lù, kó sì kọ ọ́ nígbà ogún pé: Mi ò ní purọ́ mọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó kọ ọ́ lógún, ó sì fi ìlà kan lé e nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó kọ: Mi ò purọ́ tẹ́lẹ̀.

Ìlà kan yẹn ni Ìyá Rúlà gbé délé. Ó gbin ẹ̀wà mẹ́ta sínú agolo nílé ara rẹ̀, ó tì í mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn pẹ̀lú rósárì. Ọkọ rẹ̀ bi í pé ta ló fẹ́ jí aṣọ rẹ̀. Ó ní kó má dá òun lóhùn. Nígbà tó ṣí i lọ́jọ́ karùn-ún, ẹ̀wà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti na ọrùn jáde, wọ́n funfun, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mọ́kànlá. Ó ṣírò iye ọmọ tó ti kọ́ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò wò rí, nígbà tó sì kọjá irínwó, ó dáwọ́ dúró.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé agolo náà wá sí kíláàsì, ó pe Rédíò síwájú. "Mo fìyà jẹ ọ́ lásán," ó wí, lójú gbogbo wọn. "Òótọ́ lo sọ. Èmi ni mo ṣàṣìṣe. Má bínú sí mi."

Kò tíì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé rí. Rédíò wo bàtà rẹ̀. "Kò burú, mà. Ẹ ò mọ̀ ni."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọn ẹ̀wà méjèèjì lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, ti inú kọ́bọ́ọ̀dù wó lulẹ̀, ó kú. Ti ojú fèrèsé dúró ṣinṣin. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló sọ ohun tó túmọ̀ sí: ẹ̀wà kò nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó hù, ìgbà tó bá hù tán ló nílò rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìdánwò nìyẹn. Ọmọ kan kọ ọ́ ní kúkúrú: Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé a wà níbẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Rúlà jáde ní ọ́fíìsì Sísítà, tísà kíláàsì karùn-ún ti dúró dè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin aláwàdà ni, ó sì kéré sí i dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé ẹ̀wà fẹ́ kó bá yín."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Pákó ni wọ́n fi ṣe ògiri ọ́fíìsì Sísítà. Kò sí ohun tí kì í sọ. Ẹ gbọ́, ẹ fa igi pupa yẹn, kí gbogbo wa simi. Ẹ̀wà ò ní pè yín lẹ́jọ́."

"Kí ni ìwọ máa ń kọ́ wọn nípa ẹ̀?"

"Ohun tó bá wà nínú ìwé. Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀wà." Nígbà tó rí i pé kò rẹ́rìn-ín, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, lẹ́tà yín wà lórí tábìlì ibẹ̀. Èyí tó máa sọ yín di òṣìṣẹ́ pátápátá, tí ẹ ò ní jẹ́ tísà onígbà díẹ̀ mọ́. Mo rí i láàárọ̀. Ó ku kí Sísítà fọwọ́ sí i. Ọdún mélòó lẹ ti ń retí ẹ̀?"

"Mẹ́fà."

"Ọdún mẹ́fà. Ẹ wá fẹ́ torí ẹ̀wà..."

"Kì í ṣe torí ẹ̀wà," Ìyá Rúlà wí, ó sì kọjá lára rẹ̀.

Ó jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá àwọn tísà pẹ̀lú òkìtì ìwé náà. Ó ṣí bírò pupa. Ìwé tó wà lókè jẹ́ ti ọmọ kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tó máa ń gba mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ogún. Ó ti kọ ọ́ gbọọrọ, pẹ̀lú iye tí ẹ̀wà fi ga lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó ní kó kọ ìyẹn. Ìyá Rúlà gbé bírò pupa náà sílẹ̀, ó ya ewé kan láàárín ìwé ara rẹ̀, ó fi bírò dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Kò pẹ́ tó fi parí rẹ̀, kò sì tún un kọ.

Agogo ọ̀sán lù. Gbogbo iléèwé dìde fún àdúrà sí Màríà, wọ́n ṣe àmì àgbélébùú, wọ́n jókòó. Ìyá Rúlà ti padà sí kíláàsì rẹ̀, kò sì tíì ṣí ìwé ìṣirò nígbà tí Sísítà wọlé.

"Ẹ káàsán, Sísítà, Ọlọ́run á bù kún yín," ni àwọn ọmọ kọ lórin bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́.

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó." Sísítà mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù pé: Irúgbìn ẹ̀wà kò lè hù nínú òkùnkùn. "Àtúnṣe ìdánwò nìyí. Ẹ dà á kọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

Àwọn ọmọ mú pẹ́ńsùlù, ṣùgbọ́n kò sí pẹ́ńsùlù tó ń rìn. Wọ́n ń wo ara wọn. Rédíò na ọwọ́ sókè.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká kọ ọ́ bí ohun tí ìwé sọ ni, àbí bí ohun tó ṣẹlẹ̀?"

"Kọ ọ́ bí ìdáhùn."

"Ìdáhùn ta ni, mà?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Sísítà kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Tísà, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ojú ọmọ méjìdínlógójì kúrò lára bọ́ọ̀dù, ó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Rúlà. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ó bá ní kí wọ́n kọ ọ́. Wọ́n á kọ ọ́. Wọ́n á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, tó mọ́ tónítóní, wọn ò sì ní í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù kankan mọ́ láyé wọn.

"Ẹ gbé pẹ́ńsùlù yín sílẹ̀," ó wí.

Ìró pẹ́ńsùlù lórí pákó dún káàkiri kíláàsì.

"Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ níta," Sísítà wí.

Ìyá Rúlà kó òkìtì ìwé ìdáhùn náà dání, wọ́n sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sísítà fi ọwọ́ gbá ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀kì kúrò lára aṣọ funfun rẹ̀, aṣọ tí kò sí bí ìdọ̀tí ṣọ́ọ̀kì ṣe lè hàn lára rẹ̀.

"Ẹ dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ."

"Ẹ má bínú, Sísítà. Mi ò gbèrò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wọn."

"Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ni? Mo wá wo ẹ̀wà yẹn lọ́jọ́ tí ẹ pè mí. Mo mọ̀ pé ó hù." Ó wo ojú ọ̀nà àbáwọlé, bóyá dírẹ́bà ti dé. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kọ ìwé atọ́nà. Ìgbọràn ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí katikísìmù ni: ìbéèrè kan, ìdáhùn kan. Bí tísà kọ̀ọ̀kan bá ń mú tirẹ̀ wá, kí ló kù?"

"Ohun tí a kò rí lẹ kọ́ wa pé ká gbà gbọ́, Sísítà. Mo gbà á gbọ́. Mo gbà á gbọ́ láàárọ̀ yìí pàápàá. Ẹ̀wà yìí, a rí i."

Sísítà tún wo ojú ọ̀nà. Ó ní, "Tí wọ́n bá fagi lé gbogbo wọn ńkọ́?"

Ìyá Rúlà na ewé tó kọ sí i. Sísítà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

*Èmi tí mo fọwọ́ sí ìwé yìí ni mo kọ́ kíláàsì kẹrin, èmi ni mo sì máàkì ìbéèrè keje. Mi ò tẹ̀lé ìwé atọ́nà, nítorí pé ohun tó sọ kì í ṣe òótọ́. Ọdún mọ́kànlá ni èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ láìwò ó. Kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì gbin ẹ̀wà mẹ́ta, kó tì í mọ́nú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún, kó tó fagi lé ọmọ kankan. Bí ìjìyà bá wà, èmi ni kí ẹ fún. Àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n rí.*

"Ẹ ò fi 'ẹ jọ̀ọ́' kankan sí i," Sísítà wí.

"Ewé náà ti kún."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sísítà, ó gbé e mì. Ó ká ewé náà sí méjì. "Ẹ mọ̀ pé bí èyí bá lọ, mi ò lè fọwọ́ sí lẹ́tà yín."

"Mo mọ̀."

"Ní Mọ́ńdè, ẹlòmíràn ni màá fi sí kíláàsì yìí. Ẹ̀yin á wà ní yàrá ìkówèésí, ẹ ó máa lẹ ìwé tó ti ya, títí wọ́n á fi dáhùn láti ọ́fíìsì. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dáhùn. Ẹ ṣì lè fa igi yẹn."

"Rárá, Sísítà."

Kò pariwo, kò sì fi nǹkan kan kún un. Sísítà gba òkìtì ìwé ìdáhùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ewé tó ká sí orí rẹ̀. "Màá fi ránṣẹ́ bó ṣe wà. Màá sì kọ ọ́ sí i pé mi ò fara mọ́ ọn."

"Ó tọ́ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi. Tísà kíláàsì karùn-ún á bá yín mójú tó wọn."

"Òní Fráídè ni, Sísítà. Mo ṣì ní wákàtí kan àtààbọ̀."

Ó wọlé. Kò pa gbólóhùn Sísítà rẹ́ kúrò lójú bọ́ọ̀dù. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ *Ìwé sọ pé* sí iwájú rẹ̀, ó sì gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́.

"Tísà," Rédíò wí, "ṣé wọ́n máa lé yín ni?"

"Ìyẹn ò sí nínú iṣẹ́ òní. Ẹ ṣí ìwé sáyẹ́ǹsì sí ojú ewé kẹtàlélógójì. Ìwọ tó o jókòó sẹ́yìn, kà á fún wa."

Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ náà dìde, ó kà á díẹ̀díẹ̀. "Bí òkúta ńlá àti òkúta kékeré bá já bọ́ pọ̀ láti òkè, òkúta ńlá ni yóò kọ́kọ́ balẹ̀."

"Ta ló ti wò ó rí?"

Kò sí ọwọ́ tó lọ sókè. Ìyá Rúlà kò gbé tirẹ̀ náà sókè.

Ó pín wọn sọ́nà méjì. Ìdajì bá a gòkè lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè pẹ̀té̩ẹ̀sì, ìdajì tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nísàlẹ̀, níbi tí òkúta kò lè dé. Rédíò ló gbé òkúta kékeré. Òkúta ńlá wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ méjì fi gbé e. Tísà kíláàsì karùn-ún yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí tún ni?"

"Òkúta ni."

"Mo yọwọ́," ọkùnrin náà wí, ṣùgbọ́n kò yọ orí kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ti ń gun àga.

Ní ìsàlẹ̀, ọkọ̀ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti yí padà, ó ń jáde ní géètì pẹ̀lú ìdì ìwé náà lórí àga ẹ̀yìn. Ìyá Rúlà wò ó títí tó fi jáde. Lẹ́yìn náà ó kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n ju òkúta méjèèjì sílẹ̀ pọ̀.

Ariwo bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ kí erùpẹ̀ tó rọlẹ̀. "Ńlá ló kọ́kọ́ dé." "Irọ́ ni, wọ́n jọ balẹ̀ ni." "Èmi gbọ́ ìró kan ṣoṣo." "Etí ẹ ló di." "Tísà, ẹ bá a sọ̀rọ̀, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀."

Sísítà ti jáde sí ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Ó dúró, ó káwọ́ sáyà, ó ń wo òkúta méjèèjì nílẹ̀. Kò pe ẹnikẹ́ni, kò sì wọlé padà.

Ìyá Rúlà nà jáde lórí irin ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ẹ lọ gbé wọn wá," ó wí fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan sí i."